Ṣiṣẹ́ bí ẹrú, jẹun bí ọba: ta ló rí ẹrú tó jẹun bí ọba rí?

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kì í kúrú, ti òní yìí tiẹ̀ máa gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ kó fi pamọ́, kó kà á tó bá délé. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kà á nídìí ọkọ̀.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ní Labor Day tó kọjá, àwa mélòó kan tí à ń gbé ní Irving níbí kó ara wa lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan létí odò Trinity. A sun ẹran, ẹnì kan se ìrẹsì wá, ẹnì kan gbé ọpọ́n ayò dání. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n wa kan dé. Mi ò ní dárúkọ wọn. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe: ibì kan lójú ọ̀sán, ibòmíì lóru. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á tún máa fi ọkọ̀ wọn gbé oúnjẹ kiri fáwọn tó bá pè. Ìdúró ni Ẹ̀gbọ́n jẹ ẹran. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná. Òní mà ni ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣiṣẹ́ bí ẹrú, kó o lè jẹun bí ọba. Ìsinmi ń bẹ ní sàréè." Wọ́n mu omi, wọ́n wọkọ̀, ó di gbére.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn, ní kùtùkùtù, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n ti sùn lọ nídìí ọkọ̀ lójú títì 183, bí wọ́n ṣe ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán. Ọkọ̀ náà fi ẹ̀gbẹ́ gbá kọnkéré àárín títì, ó yí po, ó dúró. Kò sẹ́ni tó gbá wọn. Eegun ìhà méjì ló sán. Orí ló yọ wọ́n, orí ìyá wọn ni.

Mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo kí wọn, mo padà sílé, oorun ò kun mí. Òwe yẹn ló ń dún létí mi. Ẹ mọ̀ pé ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń kà fún oyè ọ̀mọ̀wé, torí náà bí nǹkan bá ti dùn mí, inú ìwé ni mo máa ń sá sí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òwe náà fúnra rẹ̀. Ta ni ẹrú inú rẹ̀, ta sì ni ọba? Nílé wa láyé ọjọ́un, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, ẹrú náà ni. Ẹni tó ń jẹun bí ọba, ẹlòmíì ni. Ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1850 sí 1890, àwọn balógun àti ìjòyè ní oko ńláńlá lẹ́yìn odi ìlú, ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun ló ń ro ó. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tó kú ní 1874, wà lára àwọn tí ẹrú wọn pọ̀ jù lọ. Àwọn ẹrú ló ro oko, Ìyálóde ló rí owó. Òwe wa mú èèyàn méjì tó dúró ní ìkángun ayé, ó rán wọn pọ̀ bíi bùbá àti ṣòkòtò, ó ní bí o bá ti ṣe ti àkọ́kọ́ pẹ́ tó, wàá di ìkejì. Ìtàn ò gbè é lẹ́yìn. Àwọn ẹrú kan ra ara wọn padà, àwọn kan tiẹ̀ di ọlọ́lá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ oko olówó wọn ló gbé wọn débẹ̀. Àkókò tí wọ́n rí lò fún ara wọn ni.

Ẹ má sì jẹ́ ká lọ jìnnà. Ilẹ̀ Texas tí à ń tẹ̀ yìí mọ ọ̀rọ̀ náà ju tiwa lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865, ọ̀gágun Gordon Granger dé Galveston, ó ní kí wọ́n ka ìwé kan sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ayé: gbogbo ẹrú ti di òmìnira. Èèyàn tó tó 250,000 ló wà lóko ẹrú ní Texas lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọdún méjì tí Lincoln ti kéde òmìnira wọn. Ìwé ọjọ́ náà ò gùn rárá. Òmìnira ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ló máa ń yà mí lẹ́nu. Ó gba àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n rọra jókòó síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gbowó, torí ìjọba ò ní bọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó tẹtẹrẹ. Ẹ gbà mí o! Èèyàn tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, ọjọ́ tó gba òmìnira gan-an ni wọ́n ń kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe ọ̀lẹ.

Ní 1866, ilé aṣòfin Texas tún ṣe òfin lórí àdéhùn iṣẹ́ àti òfin lórí àwọn tí wọ́n pè ní aláìníṣẹ́ tó ń rìn gbéregbère. Gbogbo ẹ̀ dá lórí pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú má rí àyè dúró. Ẹni tí wọ́n bá rí tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó ti di ọ̀daràn.

Kí ni àwọn èèyàn náà wá ṣe? Wọ́n ṣiṣẹ́, ó dájú. Ṣùgbọ́n láti 1866 náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọdún ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Juneteenth báyìí. Ibi tí wọn óò ti ṣe é wá di wàhálà, torí wọn kì í fẹ́ kí wọ́n lo ọgbà ìgbafẹ́ ìlú. Ní Houston, ní 1872, oníwàásù kan tó ń jẹ́ Jack Yates, ẹni tó ti ṣẹrú rí, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n fi ra ilẹ̀ éékà 10. Ilẹ̀ oko kọ́. Ilẹ̀ tí wọn óò kọ́lé sí fi gba owó ilé náà kọ́. Ilẹ̀ tí wọn óò ti máa jó, tí wọn óò ti máa jẹun, tí àwọn ọmọ wọn óò ti máa sáré ni. Emancipation Park ni wọ́n ń pè é, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọdún méje péré lẹ́yìn ẹrú, nígbà tí owó ò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, wọ́n rí i pé ó tó nǹkan tí à ń dáwó fún.

Irving wa yìí náà ní tirẹ̀. Ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú, ibì kan wà tó ń jẹ́ Bear Creek. Àwọn tó bọ́ lóko ẹrú àtàwọn ọmọ wọn ló tẹ̀ ẹ́ dó, kí Irving fúnra rẹ̀ tó di ìlú ní 1903. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi Jackie Townsell sọ lórúkọ, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ìgbìmọ̀ ìlú Irving. Ọ̀pọ̀ wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí pápákọ̀ òfurufú DFW fún iṣẹ́, a ò yà wò ó rí. Ẹ yà wò ó lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló mú ọjọ́ ìsinmi wá fún wa, pé àwọn baba wa ò mọ̀ ju oko lọ. Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ ti Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta ti Ṣàngó. Olórìṣà kì í lo ọjọ́ òòṣà rẹ̀ fún iṣẹ́ oko. Ọjọ́ ọjà náà ní tirẹ̀, torí ojú ọjà kì í ṣe ibi kárà-kátà nìkan, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ìròyìn, tí ọmọge ti ń rí ẹni tó rí i. Bí iṣẹ́ bá wúwo lóko, èèyàn á be ọ̀wẹ̀: á pe ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọn óò bá a ro ó lọ́jọ́ kan, òun náà á sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Ẹ sọ fún mi, ọ̀wẹ̀ yẹn, ṣé iṣẹ́ ni àbí fàájì? Àwọn baba wa ò tiẹ̀ bi ara wọn.

Ẹ wo ìwọ̀fà náà. Samuel Johnson kọ̀wé lórí rẹ̀ nínú ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, èyí tí wọ́n tó tẹ̀ jáde ní 1921. Ìwọ̀fà ni ẹni tó fi ara rẹ̀ dúró fún owó tó yá. Johnson ṣàlàyé pé ilé ara rẹ̀ ló ń gbé, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe, ìwọ̀n tó tó 100 ebè ló sì gbọ́dọ̀ ro fún olówó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ tiwa-ń-tiwa. Ọkùnrin tó lágbára á ti parí ìyẹn kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ má gbọ́ mi gbọ́ ẹ̀yìn o, mi ò yin ìwọ̀fà. Gbèsè ni, ìtìjú ni, àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá bá a lọ, wọ́n sì rí ìyà níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé, ẹni tó wà nínú gbèsè gan-an, iṣẹ́ tó jẹ olówó ní òdiwọ̀n. Bó bá ti ro ebè rẹ̀ tán, ọjọ́ kù fún un.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọdún 1897 yẹn, torí ọdún kan náà tí Johnson ń parí ìwé rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ni nǹkan ṣẹlẹ̀ l'Ékòó. Gómìnà tuntun dé, Henry McCallum. Lójú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà tó sì ń kọ́ ilé ń gba owó tó pọ̀ jù, iṣẹ́ wọn ò sì tó nǹkan. Ló bá ní òun yóò tún wákàtí iṣẹ́ wọn tò. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà yẹn, kò sí akọ̀wé, kò sí lọ́yà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, Gómìnà gbà láti jókòó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì jọ fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Ọ̀kan lára ìyanṣẹ́lódì àkọ́kọ́ tí ìwé ìtàn mọ̀ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà nìyẹn, wákàtí sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n kàn mọ̀ pé ojú ọjọ́ ní ibi tí ó ti jẹ́ ti ọ̀gá àti ibi tí ó ti jẹ́ ti ẹni.

Ẹ jẹ́ ká fò dé 1945. Ogun Hitler gbówó lé gbogbo ọjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ìjọba fi ìdajì kún owó àfikún tí wọ́n ń gbà nítorí ọ̀wọ́n-gógó, kí ẹni tó kéré jù máa gba sílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lójúmọ́. Ìjọba ní kò sówó. Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n ti lé kúrò l'Ékòó ní 1943, ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, iṣẹ́ dúró. Ọkọ̀ ojú irin ò rìn, tẹlifóònù àti wáyà ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ìwé ìròyìn Azikiwe pa. Ó lé ní 40 ọjọ́ kí Èkó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà gbà pé ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni àfikún tí wọ́n béèrè.

Ta ló bọ́ wọn fún gbogbo ọjọ́ yẹn? Àwọn ìyá wa nínú ọjà ni. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà Èkó, tí Àlímọ́tù Pẹ̀léwúrà jẹ́ olórí wọn, ti bá ìjọba fa wàhálà lórí iye tí wọ́n ní kí wọ́n máa ta gàrí nígbà ogun. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n dúró tì wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo máa padà síbẹ̀: kò sí òṣìṣẹ́ kan tó dá dúró.

Ọlọ́pàá kan sì wà nígbà yẹn, ọmọ Ọ̀sọ́sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, Hubert Ògúnǹdé. Iṣẹ́ ọba ni, aṣọ rẹ̀ ń dán, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé. Ó fi í sílẹ̀ lọ ṣe tíátà. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìyá rẹ̀ máa sọ! Ọdún 1945 yẹn gan-an ló gbé eré *Strike and Hunger* jáde, lórí ìyanṣẹ́lódì náà. Ìjọba fòfin dè é ní Jos. Ìgbà tí mo ka ìyẹn ni mo bi ara mi: kí ló dé tí ìjọba ń bẹ̀rù eré? Ìgbà tí òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́, orí rẹ̀ wà lórí iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ tó jókòó wòran pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ló ráyè ronú nípa ayé ara rẹ̀. Àtijẹ Ògúnǹdé àti ẹbí rẹ̀ fún ohun tó lé ní 40 ọdún wá láti inú ìrọ̀lẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Bí gbogbo wọn bá ń ṣe iṣẹ́ méjì, ta ni ì bá wò ó?

Ó ku ìtàn kan, òun ló sún mọ́ Ẹ̀gbọ́n jù. Labor Day tí à ń sun ẹran lọ́jọ́ rẹ̀ di ìsinmi gbogbogbòò ní Amẹ́ríkà ní 1894, ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Pullman yanṣẹ́lódì. Pullman ló ni àwọn ọkọ̀ ojú irin tí èèyàn ti ń sùn. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń gbà láti máa tọ́jú èrò níbẹ̀: wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń nu bàtà, wọ́n ń dáhùn agogo láàjìn. Wákàtí tó tó 400 ni wọ́n ń ṣe lóṣù. Àwọn tó ń tẹ́ ibùsùn fún gbogbo Amẹ́ríkà, oorun wákàtí mẹ́ta lóru jẹ́ oríire fún wọn. Ní 1925, A. Philip Randolph bá wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọdún 12 ni wọ́n fi jà. Ní 1937 tí iléeṣẹ́ náà bá wọn tọwọ́ bọ̀wé, 400 di 240.

Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò ti Ẹ̀gbọ́n. Ibi iṣẹ́ ọ̀sán, wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ibi iṣẹ́ òru, 40. Oúnjẹ tí wọ́n ń gbé kiri, 12. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 92. Ẹ sọ ọ́ di ti oṣù: ó ku díẹ̀ kó pé 400. Ọwọ́ mi wá dúró lórí ìwé. Ohun tí àwọn yẹn fi ọdún 12 jà láti bọ́ nínú rẹ̀, a wọ ọkọ̀ òfurufú wá bá a, a tún san owó físà lé e.

Ẹnì kan á ní, ṣebí òfin wà. Òfin wà lóòótọ́. Ní 1938, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin iye wákàtí. Nígbà tó fi di 1940, ẹni tó bá ṣe ju 40 lọ lọ́sẹ̀, ìlọ́po kan àtààbọ̀ ni kí wọ́n san fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ òṣìṣẹ́ oko àti ọmọọ̀dọ̀ inú ilé sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí jù ní apá gúúsù. Ní 1974 wọ́n fi àwọn ọmọọ̀dọ̀ kún un, wọ́n tún yọ àwọn tó ń bá arúgbó gbélé. Ó di òfin 2013, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, kí ọ̀pọ̀ àwọn tí àjọ ìtọ́jú gbà síṣẹ́ tó rí overtime gbà. Iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi.

Síbẹ̀ náà, òfin náà ò sọ pé kí àgbàlagbà má ṣiṣẹ́ ju iye kan lọ. Ohun tó ń kà ni wákàtí tí o bá ṣe fún ọ̀gá kan. Bí o bá ṣe 40 fún ọ̀gá kan, tí o tún ṣe 40 fún ọ̀gá mìíràn tí kò bá a tan, lójú òfin o ò ṣe overtime kankan. Òfin rí ogójì méjì tó pé pérépéré. Ara ni ò mọ̀ pé ọ̀gá ti yí padà. Ọgọ́rin lara rí.

Gbogbo eléyìí ni mo lọ kó sílẹ̀ níwájú Ẹ̀gbọ́n lórí àga tí wọ́n fi ẹ̀yìn tì. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní, "Ìtàn dáa, Àbúrò. Ṣé ìtàn á san owó ilé ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kú? Ṣé Imoudu á bá mi ra oògùn màmá?" Mo dákẹ́. Wọ́n tún ní, "Ìwọ náà dà? Owó tíkẹ́ẹ̀tì tó o fi wá sí Amẹ́ríkà, ibo lo rò pé ó ti jáde?"

Ibẹ̀ ló ti ká mi mọ́, torí òótọ́ ni. Ọdún tí mo gba àyè láti wá kàwé, Ẹ̀gbọ́n ló yá mi lówó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ilé oṣù àkọ́kọ́, wọn ò sì bi mí ìgbà tí màá dá a padà. Èmi náà wà nínú wákàtí 92 yẹn. Àwọn òru kan wà nínú ayé wọn tó jẹ́ pé èmi ni mo sùn ún. Ó rọrùn fún èmi tó ń kàwé níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ láti máa wàásù ìsinmi fún ẹni tó ń gbé gbogbo wa pọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n sinmi, kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tó wà nínú gbogbo ìtàn tí mo ti ń kà. Àwa máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹni tí kò sinmi ni ò lọ́gbọ́n, bíi pé ó kàn yẹ kó pa fóònù kó sùn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, kò sẹ́ni tó dá sinmi. Ọjọ́ òòṣà ṣiṣẹ́ nítorí pé gbogbo ọmọ òòṣà náà jọ wà nílé lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀wẹ̀ dín iṣẹ́ ẹnì kan kù nítorí pé ogún ọwọ́ bọ oko rẹ̀. Àwọn èèyàn Jack Yates dáwó ni. Àwọn òṣìṣẹ́ 1945 rí i fi dúró nítorí pé ẹnì kan gbé gàrí wá. Iṣẹ́ lèèyàn lè dá ṣe. Ìsinmi gba pé kí ẹlòmíì bá ọ gbé ẹrù náà fún ìgbà díẹ̀.

Torí náà, àwa mẹ́jọ tí a wà létí odò lọ́jọ́ yẹn fi ohun kan lọ́lẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Àjọ ni. Ọgọ́rùn-ún dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù, ó jẹ́ 800 dọ́là fún ẹni tó bá kàn. Òfin rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá kó o gbọ́dọ̀ fi iye shift tí owó náà tó sílẹ̀ lóṣù yẹn. A ò ní kó má fi owó ránṣẹ́ sílé. A kàn ní kó má fi ara san án. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n gbà á nígbà tó yá.

Ẹ̀gbọ́n la fi kíkó ṣí. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n fi gbogbo owó náà ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ kejì! Ṣùgbọ́n wọ́n pa àdéhùn mọ́, wọ́n fi shift òru mélòó kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù náà, gbogbo wa wà ní yàrá mi, ọpọ́n ayò ń lọ, àwọn kan ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n ta ayò ẹ̀ẹ̀kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá lù wọ́n, wọ́n ní ojú ló ń dun àwọn. Wọ́n bọ́ sórí àga. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti sùn. Ẹnì kan dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, ìyá ọmọ yẹn sì mú ìborùn rẹ̀ bo ẹsẹ̀ wọn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n sùn, aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n jí. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni, "Ta ló jẹ ẹran mi?"

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wa ló ń gbé ilé ró lójú méjèèjì òkun, mo sì kí yín kú iṣẹ́ tọkàntọkàn. Ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́ tí a há sórí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, n kò tíì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi pa òwe ẹrú àti ọba yẹn tì ná. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ bí ọmọ, ká jẹun bí ọmọ, ká sì sùn bí ọmọ tó mọ̀ pé àwọn ará ilé ò sùn tán.

Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mo fẹ́ kà á: nínú ọ̀sẹ̀ yín, ọjọ́ wo ni Jàkúta tiyín? Bí ẹ ò bá sì ní, ta la lè bá bẹ ọ̀wẹ̀?